Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Ń Kọrin: The Selecter àti Ilé Ọtí Kéékèèké Coventry

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn ni, ó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, ṣùgbọ́n kò gbà pé àwọn àgbà a máa tètè sùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù tí wọ́n ṣe ní 2024 nípa Pauline Black, obìnrin tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ The Selecter. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá ni bàbá rẹ̀?" Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Á à, ẹ̀jẹ̀ wa ló ń kọrin lẹ́nu obìnrin yẹn látọjọ́ yìí nìyẹn!" Mo ní kó lọ sùn, pé a óò sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Èmi gan-an ni kò rí oorun sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ohun tí mo ń kọ bọ̀ ti mọ̀ mí: bí gbólóhùn kan bá há mi lọ́fun, àfi kí n kọ ọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra nínú ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ. Pé Yorùbá ni bàbá tó bí Pauline Black, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Black by Design, tó jáde ní 2011, n kò sì bá a jiyàn. Pé ẹ̀jẹ̀ bàbá yẹn ló ń kọrin, n kò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń rẹ́ obìnrin náà jẹ. Ó ń gba iṣẹ́ tó ṣe ní 1979 kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó tún ń rẹ́ àwọn ọkùnrin mẹ́fà jẹ, àwọn tí wọ́n jọ dúró nínú àwọn yàrá tóóró tó gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá, inú àwọn yàrá wọ̀nyẹn ni kó ti lọ wá a.

Fún ẹni tí kò bá gbọ́ ska rí: orin Jamaica ni, ó ṣáájú reggae, ó sì gbòde kan nígbà tí erékùṣù náà gba òmìnira ní 1962. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni ń rìn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Gìtá ska kì í bá ẹsẹ̀ yín dún. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà lókè, tí kò tíì kan ilẹ̀, ló máa ń bọ́ sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìró gìtá yẹn ló sọ orin náà lórúkọ, ska, ska, ska, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe gbọ́ ìró ọ̀kadà tí a sì pè é ní alùpùpù.

Bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlòmíràn a kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wá ṣe àwo. The Selecter ti ní àwo kó tó di ẹgbẹ́. Ní 1979, The Specials, ẹgbẹ́ mìíràn ní Coventry, lọ gba orin "Gangsters" sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Horizon nínú ìlú náà. Owó tán, kò sí orin tí wọn yóò fi sí ojú kejì àwo. Neol Davies, tí òun náà ń gbé ní Coventry, ní orin kan nílé tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Òun àti John Bradbury, ẹni tó padà di onílù The Specials, ti gbà á sílẹ̀ láti 1977. Ìyẹn ni wọ́n fi dí àlàfo náà, wọ́n sì kọ "The Selecter" sí i lára. Ẹ̀dà 5,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Àwo náà tà, ó tún tà, ni àwọn èèyàn bá ń béèrè: The Selecter dà? Níbo ni wọ́n ti ń ṣeré? Bí ẹni tó ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, tó ti pín in tán, kó tó lọ wá ìyàwó.

Davies bá sáré ṣa ẹgbẹ́ jọ. Àwọn ọmọkùnrin kan wà ní Coventry tí wọ́n ń ṣe reggae lábẹ́ orúkọ Hard Top 22. Inú wọn ni Charley Anderson tó ń ta gìtá báàsì ti wá, àti Desmond Brown tó ń tẹ dùùrù, pẹ̀lú Compton Amanor onígìtá àti Charley Bembridge onílù. Arthur Hendrickson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Gaps, ń kọrin. Lynval Golding ti The Specials ló mú Pauline wá. Ní ọ̀sán, obìnrin yìí wà ní ilé ìwòsàn, ó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun aláìsàn. Bó bá di alẹ́, á gbé gìtá lọ sí ilé ọtí, á dá kọrin fún àwọn tó ń mu bíà. Kí 1979 tó parí, àwọn méje yìí ti bá The Specials àti Madness rin ìrìn àjò yíká Britain, "On My Radio" ti wọ inú àwọn orin mẹ́wàá tó tà jù, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti jọ yọjú ní alẹ́ ọjọ́ kan náà lórí Top of the Pops. Oṣù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sórí orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ní Jamaica, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣa àwo àti iṣẹ́ ẹni tó ń fi ẹnu dárà lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwa tiwa kó méjèèjì pọ̀, a pè é ní díjéè. Selector ni ẹni tó ń ṣa àwo. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣà jọ láti inú ẹgbẹ́ mìíràn, tí wọ́n wá ń jẹ́ "aṣàwo": n kò mọ̀ bóyá Davies ronú débẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá wọn mu.

Ó wá ku àwọn yàrá. Mo dé England ní 1977 láti ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ní ìlú kan ní àríwá. Onílé mi ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 19 tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó gbà pé bí mo ṣe ń fi gbogbo alẹ́ kàwé yìí, orí mi yóò dàrú. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan ní 1979, ó wọ́ mi lọ sí ilé ọtí kan tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe irú orin yìí. Kì í ṣe The Selecter o. N kò rí wọn sójú rí. Yàrá tí wọ́n ti ṣeré kò ju pálọ̀ ilé kan ní Mọ́kọ́lá lọ. Kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ti mu bíà yó, ó ń fa bàtà mọ́lẹ̀. Kò sí pèpéle. Àwọn olórin àti àwa tó ń wò wọ́n, ilẹ̀ kan náà la jọ tẹ̀, bí ẹni tó ń fọn fèrè bá sì ṣèèṣì na apá, ife ẹnì kan ló máa fọ́. Àwọn tó wà níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí kò bojú wẹ̀yìn. Ọtí ni wọ́n bá wá.

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, ó sì nídìí. Ọmọkùnrin mẹ́ta wà níwájú mi, wọ́n fá orí wọn kodoro, wọ́n wọ bàtà bíi ti sójà. Ọdún yẹn náà ni National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ kí wọ́n kó àwa dúdú padà síbi tí a ti wá, fa olùdíje 303 kalẹ̀ nínú ìdìbò gbogbogbòò. Mo ti ń wo ibi tí n óò gbà sá. Ni orin Jamaica kan bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olórí-fífá yìí sì ń bá wọn kọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mọ̀. Kò tilẹ̀ fi ohùn ìlú rẹ̀ kọ ọ́. Fáwẹ̀lì Kingston ló ń pè, ó ń pè é pérépéré. Mo gbàgbé ẹ̀rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fáwẹ̀lì rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì.

Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni The Selecter ń dojú kọ: èèyàn méje, mẹ́fà jẹ́ dúdú, ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ obìnrin. Àwọn tó wà níwájú lè jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n sì tún lè na ọwọ́ sókè bí àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler kí orin kan náà tó parí. Nínú yàrá tí kò ní pèpéle, o kò lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ohùn rẹ ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọwọ́ wọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Àwọn alárìíwísí máa ń sọ pé punk ló mú kí ska ọdún 1979 yára ju ti Kingston lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Lójú tèmi, yàrá náà dá sí i. Nínú ilé ọtí tí ariwo ti pọ̀, bí orin bá falẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù á gbà á mọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ sì wo bí Pauline Black ṣe ń jó nínú Dance Craze, fíìmù tí Joe Massot ṣe, tó jáde ní 1981. Ó dé fìlà ọkùnrin, ó wọ kóòtù ọkùnrin, eékún rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tí ajá ń lé, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Pèpéle ńlá ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ibi tí ó ń lò nínú rẹ̀ kò ju ẹní kan lọ. Ẹni tó ti kọ́ ijó láàárín gìtá báàsì àti ògiri nìyẹn, ara rẹ̀ kò sì tíì gbà pé ilẹ̀ ti fẹ̀.

Nítorí èyí ni n kò fi lè yin àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Too Much Pressure, tó jáde ní oṣù kejì 1980, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń yìn ín. Errol Ross ló bójú tó gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Orin inú rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó mọ́ jù. Gbogbo ohun èlò ló dá dúró lọ́tọ̀, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sitáàsì, tí wọ́n sá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé ọtí, dùùrù àti gìtá a máa fara gbo ara wọn ni, ìjàkadì yẹn ló sì ń mú èèyàn jó. "On My Radio", tí Roger Lomas bá wọn ṣe ṣáájú, ló ṣì ní òógùn yàrá lára.

Orin yẹn gan-an ni mo sì fi dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí fi ohùn rẹ̀ ṣe nígbà tó bá dé orí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé orin náà: ohùn rẹ̀ a fò sókè fíì, bí ẹni tó ń pe ọmọ tó ti kọjá òpin àdúgbò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè. Bó o fò, bó o bẹ́, rédíò ni rédíò ń jẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi Yorùbá la ẹnu kì í fi ohùn ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú, nítorí ohùn òkè, ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ fún wa. A máa ń ṣọ́ orin kó má baà sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Fífò yẹn, tó jẹ́ ohun tó dára jù nínú orin náà, ohun tí a fi mọ̀ pé ètè yìí kò kọ́ èdè bàbá rẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ má tíì dìde. Orin kan wà nínú àwo ńlá yẹn tí ń jẹ́ "Carry Go Bring Come". Justin Hinds ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Jamaica nígbà tí ska ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Ẹ wo àkọlé náà dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí "àti", kò sí "sì", kò sí ohunkóhun láàárín wọn. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ mi ní girama ìbá fi bírò pupa pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé "ó gbé e lọ", "ó mú un wá" ti mọ̀ ọ́n. Carry ni gbígbé, go ń sọ ọ̀nà tó gbà lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bring ti ní wíwá nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà come di àṣejù. Lójú Jamaica, gbígbé nìkan kò tó, àfi kí a sọ ibi tó kọjú sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ la ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ ní 1974 tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìtumọ̀ àkọlé náà tún wá dùn jù: ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ni, olófòófó. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n sọ di orúkọ èèyàn, bí àwa náà ṣe ń pe obìnrin tó gbé ìborùn kọ́ èjìká, tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ní gbéborùn.

Ọ̀rẹ́ mi, má tíì pariwo "tiwa ni". Akan ní irú ìhun yìí, Ewe náà ní in. Àwọn tí èdè wọn hàn jù nínú èdè Jamaica, ọ̀dọ̀ Akan ni wọ́n ti wá. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó dé Jamaica, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ni wọ́n dé. Abúlé kan ṣì wà ní Westmoreland títí dòní tí ń jẹ́ Abeokuta. Nítorí náà, ohun ìdílé ni, kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Ẹnu ìyá ló ti bọ́ sí etí ọmọ, nínú oko ìrèké, fún ìran mélòó. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí England. Ó wọ ilé ọtí. Níbẹ̀ ni ọmọ bàbá Yorùbá ti bá a pàdé. Romford ni wọ́n ti tọ́ ọ, nínú ìdílé aláwọ̀ funfun tó gbà á ṣọmọ, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tí yóò sọ "gbé e wá" fún un. Àwọn ọmọ Jamaica tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ló bá a dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ti orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Belinda Magnus ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn tó gbà á tọ́ sọ ọ́ di Pauline Vickers. Nígbà tí ẹgbẹ́ dé, ó wá orúkọ tí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn kò ní fi dá a mọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó mú Black. Ìdí kejì ló wù mí: "coloured" ni ìdílé rẹ̀ máa ń sọ, ẹnu wọn kì í gba "black". Wọ́n á wá máa sọ ọ́ báyìí, bí wọ́n bá fẹ́ pe ọmọ wọn. Àwa tí a ń sọ àbíkú ní Dúrójayé mọ iṣẹ́ tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ẹni tó bá pè é ti bẹ ọmọ náà kó dúró, ì báà jẹ́ ọ̀tá ilé. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ronú kàn án. Bí a bá ní ẹ̀jẹ̀ ló rán an létí, a ti gba làákàyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ní láti sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, jọ ń kàwé ní England, a gbé ọmọbìnrin wa àkọ́kọ́ fún obìnrin aláwọ̀ funfun kan ní ìlú etí òkun kó bá wa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ló ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Owó ni, àkókò ni, àìgbọ́n ni. Ọdún kan àbọ̀ ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ tí a lọ mú un, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó fi oríkì pè é: "Àdùkẹ́, wá." Ọmọ náà sá sẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì obìnrin yẹn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ta ni wá. Ẹ̀jẹ̀ wa ló wà lára rẹ̀. Kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

Nígbà tí a padà sí Ìbàdàn, èmi onímọ̀ èdè fẹ́ máa fi ìwé kọ́ ọ. Àwọn ọmọ àdúgbò kò jẹ́ kí n ráyè. Wọ́n fà á lọ sídìí ten-ten, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bó bá ṣì í sọ, wọ́n sì tún un sọ fún un títí ó fi mọ̀ ọ́n. Kò pé oṣù mẹ́fà tó fi ń bú wọn padà ní ojúlówó Ìbàdàn. Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ohùn nìyẹn, bí àgbàlagbà sì ṣe ń kọ́ ọ náà nìyẹn ní Coventry: àárín àwọn tó sún mọ́ ọ débi pé wọ́n lè fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ bó o bá ṣì í.

Ọ̀rẹ́ mi tún pè lánàá. Mo ka apá gbéborùn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òun ti gbọ́ "On My Radio" nígbà mẹ́rin láti àárọ̀, pé òun ti mọ̀ ọ́n lu báyìí. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ìlù gìtá náà fún mi, òun ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, tọ̀tún-tòsì. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sórí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀.